Ẹ Bi Wá: Àwọn Obìnrin Ìtàn Gíríìkì Nínú Ìwé Àròsọ Òde Òní

Nínú àtẹ̀jáde tó kọjá, a ní kí ẹ kọ̀wé sí wa lórí àwọn ìwé àròsọ tó ń tún ìtàn Circe, Penelope, Medea àti àwọn obìnrin mìíràn inú ìtàn ìwáṣẹ̀ ilẹ̀ Gíríìsì sọ. Lẹ́tà yín pọ̀. Àwọn ìbéèrè tó ń ti ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn wá la mú síbí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ẹgbẹ́ òǹkàwé tí mo wà ti mú Circe tí Madeline Miller kọ fún oṣù tó ń bọ̀. Mi ò ka Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́ tó kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀, rí. Ṣé dandan ni kí n kọ́kọ́ kà á? Èwo sì ni kí n kà nínú rẹ̀? — Òṣìṣẹ́ báńkì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe dandan. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ Odysseus rí lè ka Circe, tó jáde lọ́dún 2018, kó sì yé e yékéyéké. Àmọ́ bí ẹ bá lè ráyè wákàtí kan péré, ẹ ka ìwé kẹwàá nínú Odyssey, ewì Homer lórí bí Odysseus ṣe rìn padà sílé láti ogun Troy, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé mẹ́rìnlélógún ni Odyssey pín sí. Láti ìkẹwàá sí ìkejìlá ni Circe ti kó ipa tirẹ̀.

Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ nìyí. Àwọn atukọ̀ Odysseus dé erékùṣù Aeaea, wọ́n gbọ́ tí obìnrin kan ń kọrin nídìí òfì rẹ̀. Ó ní kí wọ́n wọlé. Ó po wàràkàṣì, ìyẹ̀fun ọkà báálì àti oyin mọ́ wáìnì, ó sì bu oògùn sí i. Bí wọ́n ti mu ún tán, ó fi ọ̀pá lù wọ́n, wọ́n di ẹlẹ́dẹ̀, ṣùgbọ́n làákàyè èèyàn ò kúrò nínú wọn. Òrìṣà Hermes wá fún Odysseus ní egbòogi kan tí gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, tí òdòdó rẹ̀ funfun bíi wàrà, kí oògùn obìnrin náà má bàa ràn án. Odysseus yọ idà, Circe bẹ̀bẹ̀, ó sọ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ padà di èèyàn, gbogbo wọn sì gbé ọdọ̀ rẹ̀ fún ọdún kan gbáko.

Homer ò sọ ìdí tí Circe fi ń sọ àlejò di ẹlẹ́dẹ̀. Kò sì sọ bí ọmọ òrìṣà oòrùn ṣe di ẹni tó ń dá gbé láàárín òkun. Ibi tí Homer dákẹ́ sí yìí gan-an ni Miller ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì kọ odindi ìgbésí ayé sí i, láti ilé bàbá rẹ̀ Helios títí dé ìgbà tí Penelope, ìyàwó Odysseus, àti ọmọ rẹ̀ Telemachus bá a ní erékùṣù. Ẹni tó ti ka ìwé kẹwàá ló máa mọ iye ohun tí Miller fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá.

Nípa ìtumọ̀ tí ẹ máa kà, ti Emily Wilson (2017) ló rọrùn jù lọ, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ mọ́ lẹ́nu. Bí owó ò bá sí, ti Samuel Butler (1900) wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Project Gutenberg, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ará Róòmù ló lò: Odysseus ni Ulysses níbẹ̀, Athena sì ni Minerva. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti tìtorí èyí pa ìwé náà dé. (Butler yìí kan náà gbà pé obìnrin ló kọ Odyssey, ó sì tẹ odindi ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1897.)

Lẹ́yìn Circe, ẹ mú The Penelopiad ti Margaret Atwood, torí ó tín-ínrín. Ẹ fi A Thousand Ships ti Natalie Haynes (2019) sẹ́yìn. Ìwé gidi ni, àmọ́ obìnrin inú rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni tí kò tíì mọ orúkọ àwọn ará Troy máa sọnù kó tó dé ìdajì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ẹ̀tọ́ obìnrin ti ayé ìsìnyí ni àwọn òǹkọ̀wé yìí gbé kọ́ Homer lọ́rùn, pé ìyà tí wọ́n ń wí yẹn ò sí nínú ìwé àtijọ́ rárá. Kí ni kí n dá wọn lóhùn? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ ṣí ìwé kejìlélógún Odyssey, kí ẹ kà á sókè fún wọn.

Odysseus ti pa gbogbo ọkùnrin tó ń dù láti fẹ́ Penelope tán. Àádọ́ta ẹrúbìnrin ló wà nílé náà. Eurycleia, ìyá arúgbó tó tọ́ Odysseus dàgbà, ní méjìlá nínú wọn ti ń bá àwọn ọkùnrin yẹn sùn. Wọ́n kó àwọn méjèèjìlá wọlé, wọ́n ní kí wọ́n gbé òkú àwọn ọkùnrin náà jáde. Wọ́n ní kí wọ́n fi omi àti kànìnkànìn fọ tábìlì àti àga. Telemachus àti àwọn darandaran fi ṣọ́bìrì ha ilẹ̀, àwọn ọmọbìnrin náà ń kó ohun tí wọ́n ha jáde. Ìgbà tí ilé mọ́ tán ni wọ́n tó dà wọ́n síta. Idà ni Odysseus ní kí wọ́n fi pa wọ́n, ṣùgbọ́n Telemachus ní ikú tó mọ́ ò tọ́ sí wọn. Ó ta okùn ọkọ̀ ojú omi mọ́ òpó, ó sì so wọ́n rọ̀ ní ìtò, bí ẹyẹ tó kó sí àwọ̀n. Homer ní ẹsẹ̀ wọn jà díẹ̀, kò pẹ́. Kò dárúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú wọn níbẹ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú The Penelopiad (2005), Atwood sọ pé ìbéèrè méjì ni kò jẹ́ kí òun sinmi: kí ló fa ikú àwọn ọmọbìnrin yìí, kí sì ni Penelope ń ṣe gan-an? Ó jẹ́ kí Penelope sọ̀rọ̀ láti ìlú àwọn òkú, àwọn méjèèjìlá sì ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú orin táwọn ọmọdé fi ń fo okùn, nígbà mìíràn pẹ̀lú orin atukọ̀ tàbí ìgbẹ́jọ́ ní kóòtù. Ẹni tó ti ka ìwé kejìlélógún kò ní fi orin ìfo-okùn yẹn rẹ́rìn-ín.

Briseis náà ńkọ́, obìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú nínú Iliad, ewì Homer lórí ogun Troy? Tìtorí rẹ̀ ni Achilles, akọni jagunjagun Gíríìkì, àti Agamemnon, ọba tó kó ogun náà lọ, ṣe jà, ìjà yẹn ni Iliad sì dá lé, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀, ní ìwé kọkàndínlógún, nígbà tó ń sunkún lórí òkú Patroclus, ọ̀rẹ́ Achilles. Ìlà mẹ́rìnlá ni gbogbo rẹ̀. Ó ní òun rí ọkọ òun tí wọ́n ti gún pa níwájú ìlú, àwọn ọmọ ìyá òun ọkùnrin mẹ́ta sì bá ogun náà lọ. Achilles ló pa ọkọ yẹn. Patroclus ló sì ń tù ú nínú pé òun máa rí i pé ó di ìyàwó Achilles. Homer wá fi kún un pé àwọn obìnrin tó kù bá a sunkún, Patroclus ni wọ́n fi ṣe bojúbojú, ìbànújẹ́ ara wọn ni oníkálùkù ń sun. Ọ̀rọ̀ yẹn ti lé ní 2,500 ọdún. Pat Barker kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ohun tó ṣe nínú The Silence of the Girls (2018) ni pé ó wọ àgọ́ tọ àwọn obìnrin yẹn lọ, ó sì bèèrè ohun tí oníkálùkù ń sun.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n yín ti jàre ni pé ìwé kan wà lórí àtẹ tí obìnrin inú rẹ̀ ń ronú bí ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà ní ayé ìsìnyí, tó ń ja ìjà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ nígbà ayé rẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í dùn. Ṣùgbọ́n fífi ẹnu fún àwọn obìnrin yìí kì í ṣe àṣà tuntun. Ovid ará Róòmù ti kọ lẹ́tà lórúkọ Penelope, Briseis, Medea àti Ariadne ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Medea, eré Gíríìkì àtijọ́ tí Euripides kọ, níbi tí Medea ti pa àwọn ọmọ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan mú ìwé Christa Wolf wá, tó ní kò pa wọ́n. Èwo ni òótọ́? — Olùkọ́, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Kò sí ẹ̀dà kan tó jẹ́ ti gbogbo ayé. Àwọn ará Gíríìsì fúnra wọn ní ju ọ̀kan lọ. Nínú ọ̀kan, àwọn ará Corinth, ìlú tí Medea ń gbé, ló pa àwọn ọmọ náà. Nínú òmíràn, ibi tí Medea ti ń wá bí wọn ò ṣe ní kú mọ́ láé ni wọ́n ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ti Euripides, tí wọ́n ṣe ní Athens ní 431 ṣáájú ìbí Kristi, ló wá borí ìyókù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ipò kẹta ló gbà nínú ìdíje ọdún náà. Wolf, ọmọ Jámánì, ẹ̀dà ti Corinth ló tẹ̀lé nínú Medea: Stimmen (1996), ó sì pín ìtàn náà fún ohùn mẹ́fà kí ẹ lè rí bí irọ́ ṣe ń di ìtàn ìlú.

Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ ẹ̀rí sí i, ẹ sọ ti Helen, obìnrin tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ja ogun Troy, fún wọn. Ní 415, Euripides gbé e dé iwájú ọkọ rẹ̀ ní Troy kó wá wí tẹnu rẹ̀. Ní 412, Euripides kan náà kọ eré pé Helen ò dé Troy rí, Íjíbítì ló wà, òjìji rẹ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí. Ọdún mẹ́ta péré ló wà láàárín méjèèjì.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa bi wọ́n ni pé: ẹ̀dà wo ni òǹkọ̀wé yìí tẹ̀lé? Ti Medusa ni wọ́n máa ń ṣì jù. Nínú ewì Hesiod, akéwì Gíríìkì àtijọ́, ọ̀kan nínú àwọn Gorgon, abàmì obìnrin mẹ́ta, ni, òun nìkan ni ikú sì lè pa. Pé arẹwà ni, pé òrìṣà òkun fipá bá a lò nínú tẹ́ńpìlì, pé wọ́n fìyẹn sọ irun rẹ̀ di ejò, Ovid ló sọ ọ́ báyẹn ní nǹkan bí ọ̀rúndún méje lẹ́yìn Hesiod. Ìwé òde òní tó bá sọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ yẹn, Ovid ló ń tẹ̀lé.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kọ ìtàn kúkúrú ní Yorùbá lórí Clytemnestra, ìyàwó Agamemnon tó pa ọkọ rẹ̀, fún ìdíje kan. Ọ̀rọ̀ 3,000 ni wọ́n fẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ ní Sparta, mo ti lo 2,500, ogun Troy ò tíì bẹ̀rẹ̀, ó sì dà bí ìwé ìtàn ilé ẹ̀kọ́. Kí ni mo ṣì ṣe? — Òǹkọ̀wé, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Àsìkò tí ẹ mú gùn ju ọ̀rọ̀ tí ẹ ní lọ. Costanza Casati tó bẹ̀rẹ̀ Clytemnestra (2023) láti Sparta ní odindi ìwé lọ́wọ́. Ẹ̀yin ní nǹkan bí ojú ewé mẹ́wàá. Ẹ mú alẹ́ kan. Nínú Kassandra (1983), wákàtí ìkẹyìn Cassandra, ọmọ ọba Troy tí Agamemnon kó lẹ́rú, níwájú ẹnubodè Mycenae, ìlú Agamemnon, ni Wolf mú. Gbogbo ogun ọdún mẹ́wàá wà nínú ohun tó ń rántí bó ti ń dúró de ikú.

Alẹ́ tó tọ́ sí Clytemnestra ni alẹ́ iná. Nínú Agamemnon, eré tí Aeschylus kọ (458 ṣáájú ìbí Kristi), ayaba ti ṣètò kí wọ́n máa tan iná láti orí òkè dé orí òkè, láti Ida lẹ́bàá Troy, sí Lemnos, sí Athos, títí dé òkè tó kọjú sí ààfin. Iná yẹn ni ọ̀ṣọ́ orí òrùlé rí tó fi mọ̀ pé Troy ti ṣubú. Láti ìgbà tí iná yọ sí ìgbà tí ọkọ wọlé ni ìtàn yín wà.

Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan sí i, ẹ fa ìlà sáàárín abala ìwé kan. Lọ́wọ́ òsì, ẹ kọ ohun tí Aeschylus sọ tí ẹ ò ní yí padà: wọ́n fi Iphigenia, ọmọbìnrin Agamemnon àti Clytemnestra, rúbọ ní Aulis, èbúté tí ọkọ̀ ogun ti ń dúró de afẹ́fẹ́, ìyá rẹ̀ tẹ́ aṣọ olówó ńlá sílẹ̀ fún ọkọ láti rìn lé, ibi ìwẹ̀ ni ọkọ kú sí, aṣọ ló fi wé e bí àwọ̀n, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣá a, Cassandra bá a kú. Lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ kọ ohun tí kò sọ. Ta ló gbé omi ìwẹ̀ náà kaná? Ta ló hun aṣọ tó wé e, ṣé ẹni náà mọ ohun tó ń hun? Níbo ni Electra, ọmọ rẹ̀ obìnrin mìíràn, wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Ọwọ́ ọ̀tún ni ìtàn yín ń gbé. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá ṣófo, ẹ wá obìnrin mìíràn. Euripides fi kún un pé Agamemnon pa ọkọ àkọ́fẹ́ Clytemnestra àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ lè mú un tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀, àmọ́ ẹ pinnu kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ìkórìíra tó ti wà kí Aulis tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí Aulis bí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pinnu ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. “Mo” tí kò ní olùgbọ́ ló sọ ìtàn yín di ìwé ilé ẹ̀kọ́, torí ó ń ṣàlàyé ohun tí gbogbo ará ilé rẹ̀ ti mọ̀. Bó bá jẹ́ Iphigenia tó ti kú ló ń bá sọ̀rọ̀, kò ní sọ pé “Agamemnon, ọba àwọn ará Gíríìsì, ọkọ mi, ń padà bọ̀ láti ogun Troy.” Á ní: “Bàbá rẹ ń bọ̀.” Nínú 3,000 yẹn, ẹ má jẹ́ kí ìtàn ẹ̀yìn ju 600 lọ, kí ẹ sì fọ́n ọn ká.

Èdè tí ẹ ń fi kọ ọ́ tún ní ohun kan tí àwọn tó ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Irọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n fi mú Iphigenia dé Aulis: wọ́n ní Achilles ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kó sun ẹkún ìyàwó. Ẹ jẹ́ kó sun ún dé iwájú bàbá rẹ̀, kó máa tọrọ ìre lẹ́nu bàbá tó mọ̀ pé pẹpẹ ló ń dúró de ọmọ, kí ìyá sì máa rántí ìlà kan nínú rẹ̀ bí omi ìwẹ̀ ti ń hó. Ìlà mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹkún á gba ìtàn lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì pe Zeus ní Ṣàngó. Bí ẹ bá pààrọ̀ òrìṣà, ẹ pààrọ̀ ìlú pẹ̀lú.

Ẹ ṣọ́ra fún ìmọ̀ tí kò yẹ kó ní. Clytemnestra ò mọ̀ lálẹ́ yẹn pé Orestes, ọmọ bíbí inú rẹ̀, ló máa pa òun. Òǹkàwé mọ̀, òun ò mọ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀rù wà. Ẹ má sọ Agamemnon di ìkà lásán. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, tó sì fi í rúbọ kí ọkọ̀ ogun lè rí afẹ́fẹ́ ṣí, burú ju ẹni tí kò ní ọkàn lọ. Ayaba tó ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ tirẹ̀ ń rán ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́ lóru. Ẹ jẹ́ kí ẹrú kan ó kéré tán ní orúkọ.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè fi ohun tí Miller kọ nípa ọmọ Circe àti ikú Odysseus ṣe ìtàn tèmi? — Òǹkàwé, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Egungun ìtàn yẹn kì í ṣe ti Miller. Pé Circe bí Telegonus fún Odysseus, pé ọmọ náà fi ọ̀kọ̀ pa bàbá rẹ̀ láìmọ̀, pé Penelope fẹ́ Telegonus, Circe fẹ́ Telemachus, inú ewì àtijọ́ kan tó ti sọnù ló ti wá, ìsọnísókí rẹ̀ nìkan ló kù. Ẹ lò ó bó ṣe wù yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, ìdí tó fún ìwà wọn, àti ìṣẹ̀lẹ̀ tó fi orí ara rẹ̀ dá, òun ló ni ín. Òfin Nàìjíríà ti 2022 lórí ẹ̀tọ́ àwọn òǹkọ̀wé (copyright) sì dáàbò bo ìwé títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé. Ìtumọ̀ náà wà lábẹ́ òfin yìí: ẹ lè da ọ̀rọ̀ Butler kọ, torí ó kú ní 1902, ṣùgbọ́n ẹ ò lè da ti Wilson kọ láìgbàṣẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, fẹ́ ka gbogbo wọn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. — Ìyá ọlọ́mọ, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

ÌDÁHÙN: Ẹ fi ti Barker sílẹ̀ di ìgbà tó bá pé 16 tàbí 17, torí ìfipábánilòpọ̀ àti kíkó obìnrin lẹ́rú lójú ogun ló kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Circe náà ní irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kan láàárín, kò gùn. Ẹ kọ́kọ́ kà á, kí ẹ sì wà nítòsí nígbà tó bá dé ibẹ̀. Ariadne ti Jennifer Saint (2021) rọrùn láti kà, Ariadne àti àbúrò rẹ̀ Phaedra ló ń sọ ọ́ ní àsọgbà, àmọ́ ikú Phaedra wúwo.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ọmọ Yorùbá kankan ti ṣe irú iṣẹ́ yìí? — Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Wọ́n ti ṣe é, lórí ìtàgé, ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Òṣófisan ló sì ṣe é jù. Nínú Tegonni, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Atlanta ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1994, ọmọ ọba nílẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba òyìnbó ló fẹ́ sin òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Antigone fúnra rẹ̀, ọmọ ọba inú eré Gíríìkì tó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, sì wọ orí ìtàgé wá bá a.

Women of Owu ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Chipping Norton, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 2004, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 2006. Trojan Women, eré Euripides (415 ṣáájú ìbí Kristi) lórí àwọn obìnrin Troy lẹ́yìn tí ìlú wọn ṣubú, ló gbé wá sí Òwu lẹ́yìn tí ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé pa ìlú náà run láàárín ọdún 1820 sí 1829. Erelú Afin dúró ní ipò Hecuba, ayaba Troy, Orisaye ní ti ọmọ rẹ̀ Cassandra, Adumaadan ní ti Andromache, ìyàwó ọmọ rẹ̀, Iyunloye ní ti Helen. Òrìṣà tó ń wo ìlú rẹ̀ tó ti jóná ni Anlugbua. Ìdí tí iṣẹ́ náà fi dúró ni pé kò fi orúkọ Yorùbá bo ìtàn Gíríìkì lásán. Ìjà ọjà Àpòmù wà níbẹ̀, òwò ẹrú wà níbẹ̀, ogun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ sì ni. Ẹ ka ti Euripides ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò gùn, kí ẹ ka ti Òṣófisan lọ́jọ́ kejì. Ibi tí orin bá wà nínú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ jáde lẹ́nu, torí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ló gbé eré náà ró.